Ìdè Ààbò Orí Rólà Kósítà

Ìdè ààbò ni ohun tí ó ń mú èrò dúró sórí ìjókòó rólà kósítà, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin inú ọgbà ìgbafẹ́ tí ń gun òkè, tí ń sáré já wálẹ̀, tí ó sì máa ń yí èrò lórí kodò nígbà mìíràn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀pá itan, tí ń sọ̀ kalẹ̀ sórí itan, àti ìdè èjìká, tí ń ti òkè orí wá bo èjìká àti àyà. Bẹ́líìtì sábà máa ń ran ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́wọ́. Bí ìdè ṣe rí lára ẹni tó wọ̀ ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Ìdè tó ń dunni sábà jẹ́ ìdè tí kò jókòó síbi tó yẹ lára, èyí tí kò sì jókòó síbi tó yẹ lè má di èèyàn mú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ohun tí ìdè ń bá jà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìgbà tí orí bá kodò ni ìdè ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sáré tó nínú ìyípo, eré náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ti èrò mọ́ ìjókòó, kódà nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lókè tí orí wà nísàlẹ̀. Orí òkè tí ọkọ̀ ń fò kọjá ni iṣẹ́ wà. Bí ọkọ̀ bá ti dé ṣóńṣó tí ojú irin sì tẹ̀ sílẹ̀, ara èrò ṣì fẹ́ máa lọ sókè bó ṣe ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìdí máa ń kúrò lórí ìjókòó, òun sì ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rólà kósítà ń wá kiri.

Àwọn ẹnjiníà ń fi g, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ayé ṣe ń fa ara mọ́lẹ̀, wọn ipá yìí. Ara ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé wà ní 1 g; ní 0 g, ara fúyẹ́ pátápátá; tí ó bá di -1 g, ẹni tó wọn kílò 70 ń fi kílò 70 ti ọ̀pá itan rẹ̀ sókè. Lórí Steel Vengeance, tí Rocky Mountain Construction kọ́ sí ọgbà Cedar Point ní ìpínlẹ̀ Ohio ní 2018, àpapọ̀ àkókò tí èrò fi ń fò lórí ìjókòó ju ìṣẹ́jú àáyá 27 lọ. Ọkọ̀ náà tún máa ń yí èrò lórí kodò nígbà 4. Síbẹ̀ ọ̀pá itan àti bẹ́líìtì nìkan ni ó ní. Kò sí nǹkan kan ní èjìká.

Láti orí bẹ́ǹṣì dé orí ọ̀pá

Nígbà tí LaMarcus Thompson ṣí rólà kósítà Switchback Railway ní Coney Island, New York, ní 1884, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò tíì béèrè ìdè. Ní 1907, Drop the Dip, tí wọ́n ṣí ní Coney Island kan náà, ni a sábà ń kà sí èyí tó kọ́kọ́ lo ọ̀pá itan.

Àyípadà tó tóbi jù kò ti ọ̀dọ̀ ìdè wá rárá, láti abẹ́ ọkọ̀ ni. Ní 1919, John Miller gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ fún wíìlì tí ń sáré lábẹ́ ojú irin, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ lè fò kúrò lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ kò ti lè fò mọ́, ó di ohun tó ṣeé ṣe láti kọ́ òkè tó ga, tó sì dà dáadáa. Ẹni tó jókòó nìkan ló kù tó lè fò. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pá itan ti di ohun tó ṣe pàtàkì gan-an.

Lórí ọ̀pọ̀ rólà kósítà onígi àtijọ́, ọ̀pá kan ni ó wà fún ènìyàn méjì. Àléébù rẹ̀ hàn gbangba: bí bàbá tó sanra bá jókòó ti ọmọ rẹ̀, itan bàbá ni ọ̀pá yóò dúró sí, àlàfo ńlá yóò sì wà lókè itan ọmọ. Kí olúkúlùkù ní ọ̀pá tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìtẹ̀síwájú tó níye lórí jù nínú iṣẹ́ yìí, bí a kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀.

Ìdè èjìká àti ìrora etí

Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Arrow Development kọ́ Corkscrew sí ọgbà Knott's Berry Farm ní California, èyí tó dá yíyí orí kodò padà sí ayé rólà kósítà. Àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú kò rí i ṣe dáadáa. Ìyípo Flip Flap Railway ti 1895 rí roboto, ipá tí ń bá èrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ sì le ju ohun tí ọrùn lè gbà lọ. Arrow fi ìdè èjìká sí Corkscrew, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e, bíi pé yíyí orí kodò àti ìdè èjìká kò lè pínyà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1976, Anton Schwarzkopf, ará Jámánì, kọ́ Revolution sí Magic Mountain ní California, pẹ̀lú Werner Stengel tó ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n fún ìyípo náà ní àwòrán omijé, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì há lókè, kí ipá má bàa dé lójijì. Ọ̀pá itan nìkan ni wọ́n lò, ó sì tó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbà náà fi ìdè èjìká kún un, ìgbà náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn ń fi orí gbá a. Ní 2016, wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun wá, wọ́n sì padà sí ọ̀pá itan.

Ohun tó ń fa fífi orí gbá ìdè wà nínú ojú irin. Nígbà tí irin bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àyíká ara rẹ̀, orí èrò, tó jìnnà sí irin ju ẹsẹ̀ lọ, ni yóò rìn jù, lẹ́sẹ̀ kan náà. Stengel wà lára àwọn tó yí ọ̀nà ìṣe yìí padà: ó ń ṣe ìṣirò kí ọkọ̀ yí ní àyíká ọkàn ẹni tó jókòó, dípò àyíká irin. Ibi tí a kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, irin méjì tí a fi fóòmù wé ló wà ní ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún àti òsì. Ìdè náà ń pa ẹ̀mí mọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló ń lu ẹni tó ń dáàbò bò. Irú ọkọ̀ tí Vekoma ti Netherlands kọ́kọ́ kọ́ sí Walibi Holland ní 1994, tí wọ́n pè ní El Condor, tí wọ́n sì tà káàkiri ayé, gbajúmọ̀ fún ìrora yìí.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tún un ṣe kò jọra. Lórí Intimidator 305 ní Kings Dominion, ìpínlẹ̀ Virginia, tí wọ́n ṣí ní 2010, tí wọ́n sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Pantherian, okùn rírọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ìdè èjìká líle. Ní 2011, Bolliger & Mabillard ti Switzerland mú ìdè tó dà bí ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ jáde lórí Raptor ní Gardaland, Ítálì. Orí bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù yìí máa ń fún mọ́ra sí i bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, nítorí pé nígbà tí ipá bá tẹ èrò mọ́lẹ̀, ìdè á bá a sọ̀, kò sì ní padà sókè mọ́. Èjìká àti àyà ló ń jìyà rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

VelociCoaster, tí Intamin kọ́ sí Islands of Adventure ní Orlando, tí wọ́n ṣí ní 2021, yí èrò lórí kodò nígbà 4 pẹ̀lú ọ̀pá itan nìkan. Bí a bá ṣe ojú irin dáadáa, ọ̀nà yìí ló dára jù: egungun ìbàdí àti itan lágbára ju èjìká lọ, orí àti apá sì wà lómìnira.

Bí ọ̀pá itan ṣe ń há

Oríṣi méjì ni ó wà. Ti àkọ́kọ́ ń lo irin eléyín: bí ọ̀pá bá ti ń sọ̀, a ó máa gbọ́ kà, kà, kà, eyín kọ̀ọ̀kan kì í sì í jẹ́ kó padà. Ìṣòro rẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín eyín kan àti èkejì: ní ipò kan ọ̀pá lè tú díẹ̀, ní èyí tó tẹ̀ lé e ó lè fún jù. Oríṣi kejì ń lo sìlíńdà olómi, tí ń jẹ́ kí ọ̀pá dúró síbikíbi tí itan bá ti pàdé rẹ̀. Méjì ni sìlíńdà náà máa ń jẹ́ fún ìjókòó kan, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì yóò gbé ẹrù náà. Bí iná bá lọ, ìdè wà ní títì. Ṣíṣí ni ó nílò agbára.

Ara tí ìdè kò rò tẹ́lẹ̀

Ibi tí itan ti pàdé ìbàdí ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ jókòó sí. Bí ikùn bá dá a dúró, yóò há, ẹ̀rọ lè gbà pé ó ti há, síbẹ̀ àlàfo wà lókè itan. Ní 2004, ọkùnrin kan já bọ́ láti orí rólà kósítà Superman ní ọgbà Six Flags New England, ó sì kú. Ọ̀pá kò sọ̀ dé itan rẹ̀ nítorí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi. Ní 2011, ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ rí kan tí kò ní ẹsẹ̀ méjèèjì já bọ́ láti orí Ride of Steel ní Darien Lake, New York. Itan tí ọ̀pá yẹn gbẹ́kẹ̀ lé kò sí níbẹ̀. Ní 2013, obìnrin kan já bọ́ láti orí Texas Giant ní Six Flags Over Texas, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ti tún fóòmù ọ̀pá ṣe, wọ́n sì ti fi bẹ́líìtì kún un.

Ní Amẹ́ríkà, ASTM, àjọ tí ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀, ní ìgbìmọ̀ F24, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, tó ń kọ ìlànà iṣẹ́ yìí. Ní Yúróòpù, ìwé ìlànà EN 13814 ni wọ́n ń lò. Ìwé F2291 ti ASTM pín ìdè sí ìpele 5 gẹ́gẹ́ bí ipá tí ọkọ̀ ń mú bá èrò. Ìpele 1 kò béèrè ìdè kankan. Ní ìpele 5, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ìdè tirẹ̀, kí ó máa tì fúnra rẹ̀, kí ohun mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá kùnà.

Àwọn ọgbà púpọ̀ ti ń gbé ìjókòó ìdánwò síta, níbi tí èèyàn ti lè mọ̀ bóyá ọ̀pá yóò há láìdójú tì í níwájú èrò. Àwọn mìíràn ń tẹ ìwé tó sọ iye ẹsẹ̀ àti apá tí ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, àti bí ó ṣe yẹ kó gùn tó láti ìbàdí sí orúnkún.