Àyájọ́ Ìbò Obìnrin: Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Kí Ẹ Dá?

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń súnmọ́, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin máa ń gbé ìbéèrè kan wá bá àwa agbẹjọ́rò. Wọ́n ti rí i lórí fóònù, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó wà l'Amẹ́ríkà, pé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe àyájọ́ ẹ̀tọ́ ìdìbò tí òfin fún wọn lọ́dún 1920. Wọ́n á ní: “Lọ́yà, tiwa ńkọ́? Ọjọ́ wo ni kí àwa náà ra aṣọ ẹbí dè?”

Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí ohun tó yẹ ká ṣe àjọ̀dún fún ni. Àmọ́ ìdáhùn mi kì í tètè tẹ́ wọn lọ́rùn: a kò ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀tọ́ ìdìbò obìnrin wọ Nàìjíríà díẹ̀díẹ̀, láti ẹkùn kan sí òmíràn. Ó dé Èkó, ó dé Ìlà Oòrùn, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn, ọdún 26 sì kọjá lẹ́yìn ti Èkó kó tó kan obìnrin Kánò. Ibi tí ìyá yín àgbà ń gbé nígbà náà ni yóò sọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dá.

Òfin ọdún 1922, èyí tí a mọ̀ mọ́ Gómìnà Clifford, ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n máa dìbò yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Aṣojú mẹ́rin péré ni: mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Kàlàbá. Ẹni tó lè dìbò ni ọkùnrin àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó 100 pọ́n-ùn. Ẹ wo ohun tí òfin yẹn ṣe. Ìyá alájàpá tí èrè rẹ̀ ju owó oṣù akọ̀wé ìjọba lọ kò lè dìbò, nítorí ó jẹ́ obìnrin. Ọkọ rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó 100 pọ́n-ùn kò lè dìbò, nítorí ó jẹ́ mẹ̀kúnnù. Wọ́n dín owó náà kù sí 50 pọ́n-ùn lọ́dún 1946, wọn ò fọwọ́ kan ti obìnrin.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba kò gbàgbé obìnrin nígbà tó di ọ̀rọ̀ owó orí. Lọ́dún 1940, Àlímọtù Pẹlẹwúrà kó àwọn obìnrin ọjà jáde l'Ékòó nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó rẹ̀ bá ju 50 pọ́n-ùn lọ. Ìjọba sún un sókè sí 200 pọ́n-ùn. Lọ́dún 1944, Ìyáàfin Oyínkán Àbáyọ̀mí dá ẹgbẹ́ òṣèlú obìnrin sílẹ̀ nínú ìlú náà, ẹ̀tọ́ ìdìbò sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ó di ọdún 1950, nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, kí tọkùnrin tobìnrin tó lè dìbò níbẹ̀ láìwo owó ọwọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ yẹn ni Dókítà Ibíyínká Ọlọ́runnímbẹ ti di olórí ìgbìmọ̀ ìlú, ìyẹn Mayor. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Èkó, 1950 ni tiyín.

Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé àwọn ìyá wa jùlọ. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, kì í ṣe lábẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọdún 15, ọmọkùnrin ní ọdún 16. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Ohun tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta gbé lọ sí ààfin lọ́dún 1947 nìyẹn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn síta lé e lórí: ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ ní ẹnu. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun. Kò tíì sí òfin ìdìbò tó kàn wọ́n nígbà náà o. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni òfin wá dé, ibi tó yẹ kí a ti fojú agbẹjọ́rò wò ó sì nìyí. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, gbogbo àgbàlagbà ló lè dìbò ní Ìlà Oòrùn. Ní Ìwọ̀ Oòrùn, ẹni tó ń san owó orí ni. Òfin Ìwọ̀ Oòrùn kò sọ pé obìnrin kò lè dìbò. Àmọ́ ta ni kì í san owó orí? Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Òfin lè má dárúkọ obìnrin rárá, kó sì tì í síta. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé òfin ìdìbò èyíkéyìí nìyẹn: kì í ṣe ẹni tó pè, àmọ́ ohun tó ní kó mú dání kó tó wọlé.

Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1959 ni gbogbo obìnrin tó ti pé ọdún 21 ní Ìwọ̀ Oòrùn tó bá ọkùnrin tò sórí ìlà kan náà láti dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ Ìbàdàn, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú pé kí wọ́n dá. Ní Àríwá lọ́jọ́ kan náà, ọkùnrin nìkan ló dìbò. Hájíà Gámbo Sawaba jà fún àwọn obìnrin ibẹ̀, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n léraléra. 1976 ni ẹ̀tọ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n fi dìbò gbogboogbò lọ́dún 1979.

Bí ẹ bá dá ọjọ́ náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi jíjẹ mímu nìkan ṣe é. Ẹni tó pé ọdún 21 lọ́dún 1959 ti lé ní ọdún 85 báyìí. Àwọn díẹ̀ ṣì wà nínú ilé wa. Ẹ lọ bi wọ́n bí ìlà ṣe rí, ta ló bá wọn lọ, kí ni ọkọ sọ, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ẹ̀tọ́ tiwa lónìí wà nínú ìwé òfin ọdún 1999, abala 77 ìlà kejì. Ohun mẹ́ta péré ló béèrè: kí o jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí o ti pé ọdún 18, kí o máa gbé Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀. Kò béèrè owó orí, ìwé kíkà, tàbí àṣẹ ọkọ. Síbẹ̀ mo máa ń rí ìyàwó tó gba káàdì ìdìbò ní ìlú bàbá rẹ̀, tó lọ sílé ọkọ ní ìlú mìíràn, tó wá lérò pé káàdì yẹn ṣiṣẹ́ níbikíbi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdó ìdìbò tí orúkọ rẹ wà nìkan lo ti lè dìbò, ọlọ́pàá kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìbò. Ìyàwó wa, nígbà tí INEC bá ṣí ìforúkọsílẹ̀, sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé orúkọ rẹ wá sí ibi tí o ń gbé. Má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Bí o bá lóyún tàbí tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ náà, sọ fún òṣìṣẹ́ INEC. Ìlànà wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí o lọ síwájú. Ìwọ nìkan sì ni yóò wọ ibi ìtẹ̀ka. Kò sí ọkọ tàbí bàbá ìsàlẹ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọjú wo ẹni tí o tẹ̀ka fún.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, gbólóhùn “kí o máa gbé Nàìjíríà” ló yọ yín kúrò nínú ìbò ilé. Àmọ́ ẹ má jókòó tẹtẹrẹ. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Bìrìtìkó pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìgbélùú lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò níbẹ̀, títí dé ti ilé aṣòfin, nítorí Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa kò mọ èyí. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá: ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà lábẹ́ òfin nìkan ló lè dìbò yan ààrẹ tàbí aṣòfin àpapọ̀. Ẹni tó ní green card tó bá dìbò bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ìgbélùú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń béèrè níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé awakọ̀ bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Bí ẹ kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ẹ dáhùn pé rárá, kí ẹ sì ka fọ́ọ̀mù náà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.