Spodoptera frugiperda

Spodoptera frugiperda jẹ́ àfòpiná tí ìdin rẹ̀ ń ba irè oko jẹ́, pàápàá àgbàdo. Ó máa ń jẹ ìrẹsì, ọkà bàbà, ìrèké àti òwú pẹ̀lú. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Áfíríkà, lára ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú ni Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Ó wọ Íńdíà ní 2018, ó dé Ṣáínà ní 2019. Àfòpiná náà lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan bí atẹ́gùn bá gbè é. Òtútù líle ni kò lè fara dà.

Ìlà ràndànràndàn tó dà bí Y tí a dorí rẹ̀ kodò wà níwájú orí ìdin náà. Àmì dúdú mẹ́rin sì wà nítòsí ìdí rẹ̀, tí wọ́n tò bí igun mẹ́rin. Méjèèjì ló yẹ kí a wò pọ̀, torí àwọn ìdin mìíràn náà máa ń ní ìlà lórí.

Abo kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ. Ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ló ń yé wọn sára ewé, á sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n. Bí ilẹ̀ bá móoru, ẹyin á pa láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Àwọn ìdin kéékèèké á kọ́kọ́ máa ha ojú ewé jẹ, títí ewé á fi mọ́ gaara bíi gíláàsì. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á wọ àárín ewé tuntun tó ṣì ká mọ́ra, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Wọ́n máa ń pa ara wọn jẹ níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìdin kan tàbí méjì ló sábà máa ń kù lórí igi àgbàdo kan. Nígbà tí ewé náà bá ṣí, ihò á ti tò lára rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìgbẹ́ ìdin á sì kún ibẹ̀ bí ìyẹ̀ pákó tó rin. Ìgbẹ́ yìí tún ń dí ẹnu ibi tó wà, oògùn kì í sì í ráyè kan án dáadáa.

Ìdí nìyí tí àsìkò fi ṣe pàtàkì ju agbára oògùn lọ. Ẹni tó bá ń yẹ oko wò láti ìgbà tí àgbàdo ti hù lè fọwọ́ fọ́ ẹyin, tàbí kó fín oògùn nígbà tí ìdin ṣì kéré, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí tí wọ́n ń jáde jẹun. Lílo oògùn kan náà léraléra léwu, torí kòkòrò yìí ti borí oríṣiríṣi oògùn.

Bí ìdin bá gbó, á já bọ́ sílẹ̀, á wọ inú erùpẹ̀, á sì para dà di àfòpiná níbẹ̀.

Agbọ́n tín-ín-tín kan, Telenomus remus, máa ń yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin àfòpiná yìí, ọmọ agbọ́n ló sì máa ń jáde dípò ìdin.