Góòlù Michigan

Góòlù Michigan ni wọ́n ń pe àrà kan nínú eré họ́kì orí yìnyín, níbi tí eléré ti máa ń lọ sẹ́yìn àwọ̀n, tí á fi ẹnu igi rẹ̀ gbé pọ́ọ̀kì kúrò nílẹ̀, tí á sì gbé e yí òpó ká láti tì í bọ igun òkè àwọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí aṣọ́lé gan-an. Pọ́ọ̀kì ni rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá dípò bọ́ọ̀lù. Ó fẹ̀ tó ínṣì 3, ó nípọn tó ínṣì 1, igi tí wọ́n fi ń gbá a kò sì ní ihò tàbí àpò tó lè gbà á dúró. Ní Fínlándì, ilmaveivi ni wọ́n ń pe àrà yìí. Àwọn ibòmíràn ní Yúróòpù mọ̀ ọ́n sí Zorro.

Ẹni tó fẹ́ dá a yóò fi ẹnu igi tẹ etí pọ́ọ̀kì, yóò yí ọrùn ọwọ́ wéré, kí pọ́ọ̀kì lè ta dìde kó sì lẹ̀ mọ́ igi. Láti ìgbà náà lọ, ìyára ọwọ́ nìkan ló ń gbé e ró. Ọmọdé tó bá ti di korobá omi mú, tó ń fì í yípo tí omi kò dànù, ti rí agbára tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá dẹ̀ díẹ̀, pọ́ọ̀kì já bọ́ nìyẹn. Aṣọ́lé kì í sábà retí rẹ̀, nítorí orí yìnyín ni pọ́ọ̀kì tó ti ẹ̀yìn àwọ̀n wá máa ń gbà. Ìsàlẹ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ dí, òkè á sì ṣófo. Òfin gba àrà náà láàyè, àmọ́ igi kò gbọdọ̀ kan pọ́ọ̀kì níbi tó ga ju irin ìdábùú òkè lọ, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 4 sílẹ̀. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, góòlù náà di òfo.

Orúkọ rẹ̀ wá láti Yunifásítì Michigan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1996, Mike Legg, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú London ní Ontario, Kánádà, fi dá bírà sí Yunifásítì Minnesota lára nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Michigan borí 4–3, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ náà lọ́dún yẹn, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1964. Igi Legg wà ní ilé ọlá họ́kì ní Toronto. Bill Armstrong, tó ń gbá họ́kì ní àwọn líìgì kéékèèké, ló kọ́ Legg ní àrà yìí. Ká ní ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa ń gba orúkọ ni, ti Armstrong ni ìbá jẹ́.

Ọdún 15 lẹ́yìn náà ló di ti gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ní Bratislava, Mikael Granlund, ọmọ ọdún 19, gbé pọ́ọ̀kì bọ àwọ̀n Rọ́ṣíà nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife àgbáyé. Fínlándì jáwé olúborí 3–0, wọ́n sì na Swídìn 6–1 ní àṣekágbá, ìgbà kejì tí wọ́n máa gba ife náà lẹ́yìn ti 1995. Àwòrán góòlù náà wọ orí sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà lọ́dún yẹn kan náà, iyì tí góòlù kì í sábà rí gbà níbikíbi.

Nínú NHL, líìgì tó lókìkí jù lọ, kò sẹ́ni tó rí i ṣe láti 1917 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Andrei Svechnikov, ọmọ Rọ́ṣíà tóun náà jẹ́ ọmọ ọdún 19, ló fi gbá góòlù fún Carolina Hurricanes ní Raleigh, ìlú ikọ̀ náà, nígbà tí Calgary Flames ń fi 1–0 ṣíwájú. Òun náà ló tún gbá èkejì tí Carolina fi borí 2–1. Kí oṣù Kejìlá tó parí, ó ti tún dá àrà kan náà sí Winnipeg Jets lára. Ìlú tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni Raleigh. Lóṣù Kejì ọdún yẹn, Don Cherry, gbajúmọ̀ alásọyé họ́kì lórí tẹlifíṣàn Kánádà, ti bú ikọ̀ Carolina pé agbo aláìmọ̀wàáhù ni wọ́n, nítorí ijó àti eré tí wọ́n máa ń ṣe fún èrò ìwòran lẹ́yìn ìdíje. Dípò kí wọ́n bínú, wọ́n tẹ èébú náà sára ẹ̀wù, àwọn olólùfẹ́ wọn sì ń rà á wọ̀.

Ọ̀rọ̀ Trevor Zegras, tó wà ní Anaheim Ducks nígbà náà, ló dá àríyànjiyàn tó le jù sílẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, ó gbé pọ́ọ̀kì láti ẹ̀yìn àwọ̀n Buffalo Sabres, ó sọ ọ́ gba orí àwọ̀n kọjá, Sonny Milano sì gbá a wọlé láti ojú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ họ́kì kò tíì rí irú rẹ̀ rí, inú wọn sì dùn dọ́ba. Àmọ́ John Tortorella, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ṣe alásọyé nígbà náà, sọ pé kò dá òun lójú pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe eré náà lóore. Àwọn ọ̀dọ́ bú u pé ayé àtijọ́ ló ń gbé; àwọn àgbà kan gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun tó wà nídìí ìjà yìí ni àṣà kan tí kò sí nínú ìwé òfin: eléré kò gbọ́dọ̀ fi alátakò rẹ̀ ṣẹ̀sín, pàápàá bó bá ti ń nà án bọ̀. Lójú ẹni tó di àṣà yìí mú, àfojúdi ni góòlù Michigan. Ó hàn kedere ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2022, nígbà tí Zegras gbá irú góòlù náà sí Arizona Coyotes, tí Anaheim fi lu wọ́n 5–0. Nígbà tó yá, Jay Beagle ti Arizona fi igi ti Zegras ṣubú. Troy Terry tó wá gbèjà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá jẹ ẹ̀ṣẹ́ náà, kódà nígbà tó ti wà nílẹ̀. Tyson Nash, alásọyé Arizona, ní ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dójú ti ẹlòmíràn gbọdọ̀ múra àtijẹ ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ nínú ju ẹ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Lóṣù díẹ̀ sí i, àwòrán Zegras ni wọ́n gbé sí iwájú páálí géèmù fídíò NHL 23, òun àti Sarah Nurse, obìnrin tó ń gbá họ́kì.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣàròyé ló ń sọ̀rọ̀ ìwà. Àwọn kan ń wo igi tó ń fò kọjá níbi orí aṣọ́lé, wọ́n sì ń bẹ̀rù ọgbẹ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Connor Bedard, ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ NHL, gbá tirẹ̀ fún Chicago Blackhawks nílé St. Louis Blues. Fídíò rẹ̀ gba ìgboro kan. St. Louis ló borí, 7–5.