Bí Ìlànà Ilé Tí Kì Í Fi Iná Ṣòfò Ṣe Ń Di Òfin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìjọba àpapọ̀ bá ti tẹ ìwé ìlànà ilé kíkọ́ jáde ní Àbújá, ó ti di dandan fún ẹni tí ń kọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 2017, Nàìjíríà gbé ìwé ìlànà jáde lórí ilé tí kì í fi iná ṣòfò. Ó ní fèrèsé kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá 20 nínú 100 ara ògiri lọ àfi bí a bá ṣe ìbòjì sí i, ó sì mẹ́nu kan òrùlé, gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣùgbọ́n láti 2003 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ, nínú ẹjọ́ tó wà láàrin Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú, ìyẹn ètò ilẹ̀ àti ilé kíkọ́ nínú ìlú, wà. Àfi kí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ fi òfin sọ ìwé náà di tirẹ̀ kí ọ́fíìsì tí ń yẹ pílánì wò tó lè torí rẹ̀ dá pílánì ẹnikẹ́ni padà.

Sísọ ọ́ di òfin yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn, nítorí òfin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dárúkọ ẹ̀dà kan pàtó àti ọdún rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba ló ń tẹ ìwé ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìlú ń lò, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta sì ni ẹ̀dà tuntun ń jáde: 2018, 2021, 2024. Ìlú tó bá sọ ti 2018 di òfin, ti 2018 náà ni yóò máa lò, bí ti 2024 tilẹ̀ ti wà lórí àtẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní pẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Bí regbéregbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, bá ti fẹnu kò lórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, èyí tí oníṣòwò já sí ọjà lẹ́yìn ìpàdé kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́, bó ti wù kó rẹwà tó. Ó di ìgbà tí ẹgbẹ́ bá tún jókòó, tí ẹnìkan ní ó ti wọ́n jù, tí ẹlòmíràn ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu òun, títí wọn yóò fi bá a dé ibi tí apá gbogbo wọn ká. Báyìí náà ni ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ń gbọ́ tẹnu àwọn akọ́lé àti ayàwòrán-ilé, tí wọ́n ń yọ apá kan, tí wọ́n ń fi apá kan kún un, kí wọ́n tó dìbò.

Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí, nítorí kò jẹ́ kí àjọ tí ará ìlú kò dìbò yàn máa fi ìwé tuntun ṣòfin lé wọn lórí. Àléébù rẹ̀ ni pé níbi tí kò bá ti sí ẹni tí a yàn láti pe ìpàdé, ẹ̀dà àtijọ́ lè jókòó síbẹ̀ títí. Ìpínlẹ̀ California kò gbà fún un: ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún tiwọn yẹ̀ wò. Bí Ìpínlẹ̀ Ògùn bá ń kọ irú òfin yìí, inú rẹ̀ ni ó yẹ kí ọjọ́ àtúnyẹ̀wò wà.

Ẹ̀dà tuntun kì í sábà mú ilé tó ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí a fi pílánì sílẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, ìdí nìyẹn tí àwọn onílé fi máa ń sáré kó pílánì lọ sí ọ́fíìsì kí ẹ̀dà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.