Ohun tí ó yẹ kí ó ṣíwájú: ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní yunifásítì àti iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀

Ó wọ́pọ̀ ní Àkúrẹ́ kí bíríkìlà rẹ́ ògiri ilé tuntun títí yóò fi dán, kí oníṣẹ́ iná sì dé ní ọjọ́ kẹta pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ láti la ògiri kan náà nítorí páìpù wáyà tí kò tíì wọlé. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn, a kò sì lè di ẹ̀bi sìmẹ́ǹtì tí ó ṣòfò ru èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí ó yẹ kí ó sọ èyí tí ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, àti èyí tí ó gbọ́dọ̀ dúró dè é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń tọ́ jáde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, Construction Management ni wọ́n sábà máa ń pe ẹ̀kọ́ yìí. Ní Nàìjíríà, Building ni orúkọ tí ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ẹ̀rí rẹ̀, orúkọ náà sì ti ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà, tí wọ́n fi ń bi ọmọ wọn bóyá tíróòlù ni ó fẹ́ lọ gbé dání fún odidi ọdún 5. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́, ìyẹn FUTA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, agbo kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Building wà pẹ̀lú àwọn tí ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé, àwọn tí ń kọ́ ìṣírò iye owó ilé, àti àwọn tí ń kọ́ ètò ìlú. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn kan náà ni wọn yóò tún bá pàdé ní sáìtì, níbi tí èdè-àìyedè ti ń náni lówó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú ìmọ̀ ìṣirò, físíìsì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ́ àwọn yòókù, kí ó sì ṣe ìdánwò JAMB. Ọdún kìíní kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì yòókù. Láti ọdún kejì ni wọ́n ti ń wọ inú ohun èlò ìkọ́lé, yíya àwòrán, wíwọn ilẹ̀, ìmọ̀ nípa bí òpó àti bíìmù ṣe ń gba ẹrù, títí dé òfin àdéhùn iṣẹ́ àti ìṣirò iye tí iṣẹ́ yóò ná ni.

Ohun èlò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí i pé kọnkéré pàápàá ní àsìkò tirẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílógíráàmù 50. Bí wọ́n bá fẹ́ kí omi jẹ́ ìdajì ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì, lítà 25 ni yóò bá àpò kan lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ omi tí ó ti wà nínú yanrìn tútù kúrò nínú rẹ̀. Omi tí ó bá ju èyí tí sìmẹ́ǹtì lè lò lọ yóò gbẹ kúrò níkẹyìn, yóò sì fi àwọn ihò tíntìntín sílẹ̀ nínú kọnkéré, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Láti mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ jù, wọ́n á da kọnkéré tútù sínú irin kan tí ó dà bí àrọ tí a dojú rẹ̀ dé, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300. Ìpele 3 ni wọ́n á fi kún un, wọ́n á sì fi ọ̀pá gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fa irin náà sókè, wọ́n á sì wọn bí kọnkéré náà ṣe rì sílẹ̀ tó. Wọ́n tún máa ń rọ lára kọnkéré kan náà sínú àpótí onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 150, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Ní ọjọ́ 7, agbára rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ọjọ́ 28. Nítorí náà, bí èsì ọjọ́ 7 bá ti burú, kò sí ìdí kankan láti máa to búlọ́ọ̀kù lé dẹ́kìn náà títí di ọjọ́ 28, àwọn igi ọparun tí ó gbé e ró kò sì gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ kìkì nítorí pé ẹni tí ó yá wọn ní igi ti wá béèrè wọn. Oríṣi sìmẹ́ǹtì náà ṣe pàtàkì: láti ọdún 2014 ni SON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ìjójúlówó ọjà, ti là á sílẹ̀ pé èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára àpò wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 sì ni ti òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù.

Ọ̀rọ̀ àsìkò yìí kan náà ni wọ́n fẹ̀ lójú nínú ẹ̀kọ́ ètò iṣẹ́, tí ó jẹ́ ọkàn gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ gbogbo iṣẹ́ inú ilé kan sílẹ̀, á fi iye ọjọ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fa ìlà láti èyí tí ó ṣíwájú dé èyí tí ó ń dúró dè é. Bí fèrèsé yóò bá gba ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó dé láti ọjọ́ tí wọ́n san owó rẹ̀, tí rírẹ́ ògiri yóò sì gba ọ̀sẹ̀ 4, tí wọ́n sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì parí pọ̀, a jẹ́ pé owó fèrèsé gbọ́dọ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ 2 kí bíríkìlà tó da omi sí yanrìn àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá so gbogbo ìlà pọ̀, okùn kan yóò wà tí ó gùn ju gbogbo ìyókù lọ. Bí iṣẹ́ kan bá fi ọjọ́ 3 pẹ́ lórí okùn yẹn, odidi ilé ni ó fi ọjọ́ 3 pẹ́. Àwọn iṣẹ́ tí kò sí lórí rẹ̀ ṣì ní ààyè díẹ̀ láti mí. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀nà ìṣirò yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1957, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń ṣe é lónìí nípasẹ̀ Primavera tàbí Microsoft Project. Kọ̀ǹpútà kò kúkú mọ̀ pé òjò a máa rọ̀ ní Àkúrẹ́ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, tàbí pé ẹni tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lè bá àpáta pàdé kí ó tó débi tí pláànù wí. Ẹni tí ó ń ṣètò ni ó gbọ́dọ̀ fi èyí kún un.

Owó náà ní tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, wọn kì í san gbogbo owó agbaṣẹ́ṣe lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á wọn iye iṣẹ́ tí ó ti parí lóṣooṣù, wọ́n á san tirẹ̀, wọ́n á sì dá díẹ̀ dúró. Bí àdéhùn bá jẹ́ mílíọ̀nù ₦100, tí ohun tí wọ́n ń dá dúró sì jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù ₦5 ni yóò wà lọ́wọ́ onílé. Ìdajì rẹ̀ sábà máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá gba ilé, ìdajì yòókù sì di ẹ̀yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí àléébù tí ó fara pamọ́ bá ti hàn. Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ka èyí sí nígbà tí ó ń dá iye lé iṣẹ́ yóò máa fi owó ilé kan parí ilé mìíràn.

Ní ọdún kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ á fi yàrá ìkàwé sílẹ̀ fún oṣù 6, á sì lọ sí sáìtì lábẹ́ SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF, àjọ ìjọba fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Oṣù 6 yìí kò rọrùn. Fọ́mánì tí ó ti ń kọ́lé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dáyé á ní, "Ọmọ mi, ẹ da omi sí i, kọnkéré yìí ti le jù." Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní ọgbọ́n kò ní ka lítà 25 àpò kan síta níwájú àwọn lébìrà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé irin yẹn wá ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n." Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí ó ń kọ níbẹ̀, pé òjò rọ̀ ní aago 2, pé lébìrà 14 ni ó wá, pé wọ́n da dẹ́kìn dé òpó báyìí kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, lè dà bí eré lójú ẹlòmíràn. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40, ó yé gbogbo ènìyàn ìdí tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi yẹ kí ó wà.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò sọ ènìyàn di akọ́lé tí òfin mọ̀. Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, ọmọ tí ó jáde á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó ti fìdí múlẹ̀, á dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé tí a mọ̀ sí NIOB, á ṣe ìdánwò wọn, kí ó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON, àjọ tí òfin ọdún 1989 gbé kalẹ̀. Nígbà náà ni ó tó lè kọ Bldr. síwájú orúkọ rẹ̀. Ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 2006 fi ìṣàkóso iṣẹ́ ilé sí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ kí ó tó lágbára.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú kò mọ sí sáìtì. Àwọn kan ń ṣètò iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn kan ń dá iye lé e, àwọn kan ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́. Ìjọba ń gbà wọ́n sí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí pláànù. Ilé ìwòsàn àti ilé ìfowópamọ́ ń wá ẹni tí yóò tọ́jú ilé tí ó ti parí. Ẹni tí ó bá rékọjá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò bá CIOB níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé tí ó ti wà láti ọdún 1834.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ ní Àkúrẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì tíì tó nǹkan, ni ilé tí onílé àti bíríkìlà jọ ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé. Wọn kì í pe akọ́lé síbẹ̀, wọ́n ní owó rẹ̀ á pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀bá-Ilé yóò rí irin tí ó yọ lórí òpó, tí òjò ọdún mélòó kan ti sọ di pupa, tí wọn yóò sì rọ kọnkéré lé lọ́jọ́ kan láìha ìpẹtà rẹ̀ kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ akọ́lé kan ti rí ọ̀nà gbé e gbà: wọn kì í béèrè owó odidi ilé lọ́wọ́ irú onílé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ń wá. Wọ́n á wá kí wọ́n tó da ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó da dẹ́kìn, àti kí páànù òrùlé tó gun orí igi.