Bí Òǹkọ̀wé Ṣe Lè Rí Ìdíje àti Ìrànwọ́ Tó Jẹ́ Òótọ́, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹlòmíì bá ti gba ẹ̀bùn tán ni wọ́n tó gbọ́ pé ìdíje kan wà. Kò yani lẹ́nu, torí ìròyìn ẹni tó borí ló máa ń tàn kálẹ̀. Ìkéde tó ní kí àwọn ènìyàn fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ kì í rìn jìnnà. Síbẹ̀, ìròyìn tó pẹ́ dé yìí ní ìwúlò tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdíje tó lórúkọ ló ń padà wá lọ́dọọdún, ní nǹkan bí àsìkò kan náà. Commonwealth Short Story Prize, ìdíje ìtàn kúkúrú tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, á sì tì í ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ àwọn tó borí ní oṣù karùn-ún ṣì ní oṣù tó tó kó fi kọ ìtàn tirẹ̀, kó tún un kọ, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá a kà á. Nítorí náà, kàlẹ́ńdà tí òǹkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, oṣù dé oṣù, ló máa ń wúlò jù fún iṣẹ́ yìí, kódà bí gbèdéke tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ bá ti kọjá.

Níbo ni orúkọ tí wọ́n máa kọ sínú kàlẹ́ńdà náà ti ń wá? Ibi tó dára jù ni ojú ìwé tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń ṣí kọjá: ibi tí òǹkọ̀wé ti dúpẹ́ ní iwájú tàbí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Nínú àkójọ ewì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ ìwé àtìgbàdégbà tó kọ́kọ́ gbé ewì kọ̀ọ̀kan jáde, àjọ tó fún akéwì lówó, àti ibi tó lọ jókòó kọ ọ́. Ẹni tó bá wo irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mélòó kan tó jọ ohun tí òun náà ń kọ yóò rí i pé àwọn orúkọ kan ń padà wá. Àwọn orúkọ yẹn ni kó tẹ̀ lé. Irú wíwá báyìí lágbára ju kíkó ọgọ́rùn-ún ìkéde jọ lọ, nítorí àwọn olóòtú tí wọ́n ti fi hàn pé wọ́n fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́ka sí.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àkójọ ńláńlá. Àjọ Poets & Writers ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1970, ní àkójọ ìdíje àti ìwé àtìgbàdégbà tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Duotrope, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ń gbowó lóṣooṣù. Submission Grinder, tó dé ní 2013, kì í gbowó. Àwọn méjèèjì yìí ń ṣe ohun kan tí ìkéde kì í ṣe: wọ́n ń kó ìròyìn jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn, débi pé èèyàn lè rí iye ọjọ́ tí olóòtú kan sábà máa ń lò kó tó fèsì.

Kí òǹkọ̀wé tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ó yẹ kó béèrè ibi tí owó ẹ̀bùn náà ti ń wá. Ìbéèrè yìí ló ń ya ìdíje gidi sọ́tọ̀ kúrò lára ti gbájúẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àjọ tàbí ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà wọn, irú èyí kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wọlé. Ọ̀fẹ́ ni ti Commonwealth, ó sì ń fún ẹni tó borí jù lọ ní £5,000. Àwọn míì ń gba owó ìwọlé, wọ́n sì ń fi san ẹ̀bùn àti owó àwọn tó ń kà á. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Ọ̀pọ̀ ìwé àtìgbàdégbà kéékèèké ni ì bá ti kógbá sílé bí kò bá sí i, àwọn míì a tiẹ̀ fi ẹ̀dà kan ta òǹkọ̀wé lọ́rẹ. Kìkì pé ó yẹ kí iye ẹ̀bùn, orúkọ adájọ́ àti àwọn tó borí lọ́dún tó kọjá hàn gbangba, kí èèyàn sì lè rí iṣẹ́ àwọn yẹn kà.

Oríṣi kẹta ni kí wọ́n sá fún. Gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sí pé ó ti dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Lẹ́tà náà á dùn mọ́ni, ìyìn á pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ti ní kó ra ìwé tí ewì rẹ̀ máa wà nínú rẹ̀, tàbí kó sanwó kí wọ́n lè fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Òǹkọ̀wé gan-an ni wọ́n ń tajà fún. Ó ń dunni, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí òùngbẹ ìyìn ń gbẹ, ni wọ́n sábà máa ń rí mú. Writer Beware, ìkànnì tó ń kìlọ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé, ti ń kéde irú àwọn ẹlẹ́tàn báyìí láti 1998, ó sì dára kí èèyàn wá orúkọ ìdíje kan níbẹ̀ kó tó sanwó.

Ìwé ìlànà ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rere ti ń ṣègbé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ tí kò tíì jáde rí, ewì tó ti wà lórí Facebook fún gbogbo ayé lè ti kùnà lójú ọ̀pọ̀ olóòtú. Bí wọ́n bá ní 2,000 sí 5,000 ọ̀rọ̀, 5,001 kò wọlé. Bí wọ́n bá ní orúkọ kò gbọdọ̀ hàn, yíyọ ọ́ kúrò lókè ojú ewé nìkan kò tó. Fáìlì Word máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sínú apá tí wọ́n ń pè ní Properties, orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ sì lè tú u fó. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Gbólóhùn tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó dára sọ pé àwọn fẹ́ àṣẹ láti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ẹni tó borí jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Èyí tó burú sọ pé gbogbo iṣẹ́ tó wọlé, ìbáà borí tàbí kó má borí, ti di ti olùṣètò títí láé. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì lórí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti fi ìtàn rẹ̀ tọrẹ. Gbólóhùn tuntun kan tún ti wọlé báyìí, tó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ onílàákàyè (AI) ló bá ni kọ ọ́. Ní oṣù kejì 2023, Clarkesworld, ìwé àtìgbàdégbà kan ní Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí àwọn ìtàn tí ẹ̀rọ kọ ya wọlé bí omi.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún? Commonwealth gba ìtàn tó ju 7,000 lọ ní 2024. Kò sí adájọ́ tó lè ka gbogbo ìyẹn. Àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ ló ń pín in láàárín ara wọn, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ kù díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù tó dé iwájú àwọn adájọ́. Nítorí náà, ẹni tó ti ka ogún ìtàn láàárọ̀ ni ojú ìwé àkọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Ní ti ojúsàájú, ọdún 2004 ni ìkànnì kan tó ń jẹ́ Foetry bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí àwọn adájọ́ ewì ní Amẹ́ríkà tó ń gbé ẹ̀bùn fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìlànà lóde òní ló sọ ọ́ kedere pé akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọ̀rẹ́ adájọ́ kò gbọdọ̀ wọlé.

Àwọn ẹ̀bùn kan wà tí òǹkọ̀wé kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ sí. Ilé ìtẹ̀wé ló ń fi ìwé sílẹ̀ fún Booker Prize, ẹ̀bùn ìwé ìtàn àròsọ. Caine Prize, tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní 2000 fún ìtàn kúkúrú àwọn ọmọ Áfíríkà, gbára lé ìtàn tó ti jáde, ẹni tó gbé e jáde ló sì ń fi í ránṣẹ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ni kí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dé inú ìwé àtìgbàdégbà, kó sì bi olóòtú rẹ̀ bóyá wọ́n máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Sìkọ́láṣíìpù àti àwọn ibi tó ń gba òǹkọ̀wé sílé yàtọ̀ sí ìdíje. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ti parí, wọ́n tún ń béèrè ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe: àlàyé iṣẹ́ tó ń bọ̀, ojú ìwé díẹ̀ fún àpẹẹrẹ, nígbà míì lẹ́tà ẹni tó mọ̀ ọ́n. MacDowell ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, ti ń gba àwọn òǹkọ̀wé sílé láti 1907. Kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà, ó ń fún un ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ nínú igbó, wọ́n sì máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán sínú apẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má bàa dí i lọ́wọ́. Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn gba èèyàn, àmọ́ òun ni yóò san owó yàrá, owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ. Ibi tí wọ́n kọ ohun tí ẹ̀bùn náà bo sí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Bí iṣẹ́ bá ti jáde lọ, àkọsílẹ̀ ló kù: orúkọ iṣẹ́, ibi tó lọ, ọjọ́ tó lọ, èsì tó bọ̀. Ọ̀pọ̀ olóòtú gbà kí iṣẹ́ kan wà níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbà á ni kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn yòókù pé kí wọ́n yọ ọ́. Lórí Submittable, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ olóòtú fi ń gba iṣẹ́, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Bí èsì bá sì jẹ́ rárá, àmọ́ tí olóòtú fi kún un pé kí òǹkọ̀wé tún fi òmíràn ránṣẹ́, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Olóòtú tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ níwájú kì í pe ẹni tí kò fẹ́ rí mọ́ padà; orúkọ rẹ̀ àti oṣù tó tún máa ṣí ilẹ̀kùn ni kí wọ́n kọ sínú kàlẹ́ńdà.