Bí ìró iná ṣe ń wọ inú spíkà sítúdíò ilé, àti bí a ṣe ń lé e jáde

Ìgbà tí akọrin bá dákẹ́ ni ìró yìí máa ń yọjú. Nígbà tí gángan ń dún tí ohùn sì ń lọ, kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i, ṣùgbọ́n bí orin bá sinmi díẹ̀ láàárín ẹsẹ kan sí èkejì, spíkà á máa kùn hùùùù bí oyin inú agbè. Ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Ọbáńtokò tàbí Àdàtàn, ní Abẹ́òkúta, lè kọ́kọ́ rò pé spíkà ló bàjẹ́. Á tà á, á ra òmíràn, á so ó mọ́ ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, kíkùn á sì bá a níbẹ̀. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Spíkà ń sọ ohun tí wáyà gbé wá fún un, ibi tí wáyà ti gbé e ló yẹ ká lọ wò.

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, nítorí ohùn ariwo náà fúnra rẹ̀ máa ń tọ́ka sí ibi tó ti wá. Iná tó ń wọ ilé ní Nàìjíríà kì í ṣàn gba ọ̀nà kan bí omi ẹ̀rọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlọ-bọ̀ yẹn bá já wọ inú wáyà orin, spíkà á sọ ọ́ di ìró tó nípọn, tó wúwo, tó dúró sójú kan. Ó sún mọ́ nọ́tì G tó wà nísàlẹ̀ gìtá béèsì gan-an, ẹni tó bá ní gìtá lọ́wọ́ lè fi wé e. Nígbà mìíràn, ìró 100 ló máa ń han jù, èyí tó fi odindi ìpele kan ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé níbi tí ẹ̀rọ ti ń yí iná ilé padà sí irú iná bátìrì, ìlọ kan ń di ìgbì kan, ìbọ̀ rẹ̀ náà ń di ìgbì kan.

Èyí yàtọ̀ sí ìró tó ń han-ni létí, zzzzz, bí kòkòrò tó há sínú agolo. Ohun tó ń gé iná wẹ́wẹ́ ló sábà máa ń fa ìyẹn: gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, bọ́tìnnì tí a fi ń dín eré fáànù kù, ṣájà, ínfátà. Kí a pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa gbọ́. Bó bá jẹ́ “tó!” ẹyọ kan ló ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fíríìjì ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí tó ń dúró. Bí spíkà bá ń ta tìtìtì-tìtìtì kí fóònù tó dún, fóònù náà ló ń bá òpó sọ̀rọ̀. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G, fóònù máa ń tan agbára rẹ̀, ó sì máa ń pa á, ní nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà tí kò ní ààbò á sì gbé e. Kí a gbé fóònù jìnnà sí tábìlì, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kíkùn tó nípọn yẹn ló ń fún èèyàn ní wàhálà jù, òun la sì máa dúró tì. Ìdánwò kan wà tí kò gba kọ́bọ̀. Kí a yí ohùn spíkà wálẹ̀ pátápátá, kí a pa á, kí a yọ wáyà orin kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ó ku wáyà iná nìkan. Kí a wá tan spíkà náà, kí a rọra yí ohùn rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí a gbọ́. Bó bá dákẹ́, ara spíkà yá, ibi tí wáyà orin ti wá ni ariwo ti ń bọ̀. Bó bá ṣì ń kùn, kí a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àpótí rẹ̀. Nígbà mìíràn, a ó rí i pé irin ńlá inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n, tí ìró náà kò tilẹ̀ gba ẹnu spíkà jáde. Ìyẹn àti èyí tó ń gba ẹnu spíkà jáde láìsí wáyà orin lára rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni.

Bí ìdánwò àkọ́kọ́ bá fi hàn pé kì í ṣe ara spíkà ni, kí a pa á, kí a dá wáyà orin padà, kí a tún tàn án. Lẹ́yìn náà, kí a yọ ṣájà kúrò lára lápútọ́ọ̀pù kí ó máa lo bátìrì tirẹ̀. Ìṣẹ́jú yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń la ẹnu sílẹ̀: ariwo tí wọ́n ti ń bá jà láti oṣù mẹ́ta á kàn dá wáí, bí ìgbà tí èèyàn pa rédíò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí fèrèsé yàrá bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, atẹ́gùn kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa. Bí a bá ṣí èkejì ní òdìkejì, atẹ́gùn á máa fẹ́ gba àárín yàrá, ìwé orí tábìlì á máa fò. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà ilẹ̀ rí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní earth. Spíkà ti bá ilẹ̀ pàdé nípasẹ̀ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù náà ti bá ilẹ̀ pàdé nípasẹ̀ ṣájà tirẹ̀, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ní ògiri kejì. Wáyà orin tí a wá so láàárín àwọn méjèèjì ní àwọ̀n kọ́pà kan tó yí i ká, ilẹ̀ ni àwọ̀n yẹn náà so mọ́. Fèrèsé ti di méjì. Iná díẹ̀ á máa yí gba inú wáyà ilẹ̀ lọ, á máa gba ara àwọ̀n kọ́pà bọ̀, spíkà á sì kà á mọ́ orin. Kò sí ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó bàjẹ́, bí wọ́n ṣe jùmọ̀ so ara wọn pọ̀ ni kò tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí spíkà tuntun kò fi lè wò ó sàn.

Ìwòsàn àkọ́kọ́ rọrùn: kí spíkà méjèèjì, interface (àpótí tí ohùn maikirofóònù ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, tí orin sì ń gbà jáde lọ sí spíkà), kọ̀ǹpútà àti ohun gbogbo tí orin ń gba inú rẹ̀ kọjá jẹun láti orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, nípasẹ̀ extension kan tó dára. Ẹ̀rù kò gbọ́dọ̀ bani pé yóò pọ̀ jù fún un. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò lè gbé ámpì 13, ìyẹn bíi wáàtì 2,990 lórí iná 230, ẹ̀rọ sítúdíò ilé kì í sì í sún mọ́ ìdajì rẹ̀. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dé orí rẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù àti fíríìjì.

Ìwòsàn kejì wà lára wáyà orin, ojú lásán sì lè rí i. Kí a mú ẹnu wáyà náà síbi ìmọ́lẹ̀, kí a ka òrùka dúdú tó wà lára irin rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, wáyà kan ló ń gbé orin, àwọ̀n ìta ló sì ń ṣe ọ̀nà àbọ̀, ohunkóhun tó bá kó sí àwọ̀n ti kó sí orin. Bó bá jẹ́ méjì, wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbé orin kan náà: bí èyí bá gòkè, ìkejì á sọ̀ kalẹ̀. Ariwo tó bá já wọlé lójú ọ̀nà á bọ́ sára àwọn méjèèjì bákan náà. Nígbà tí wọ́n bá dé spíkà, spíkà á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ariwo tó dọ́gba á pa ara rẹ̀ rẹ́, orin tó lòdì síra á di ìlọ́po méjì. Nínú gbogbo ọgbọ́n inú sítúdíò, èyí ló wúni lórí jù. Wáyà XLR, irú ti maikirofóònù tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà ní ìdí méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó mọ iṣẹ́ yìí. Bí interface bá ní ẹnu RCA nìkan (irú tí wáyà kan ṣoṣo ń gbé orin), tàbí ìró bá ń jáde láti ibi ìgbọ́hùn etí lápútọ́ọ̀pù, wáyà olórùka méjì kò ní ràn án lọ́wọ́. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kó wáyà wíwé méjì sí nínú, tí orin ń fo láti ọ̀kan sí èkejì láìfara kan ara. Òun la ń fi sí àárín irú wọn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ ti Abẹ́òkúta gan-an wá kù, a kò sì gbọ́dọ̀ sáré kọjá lórí rẹ̀. Orúkọ ìlú ti sọ ọ́: abẹ́ òkúta ni. Olúmọ ni èyí tí àlejò ń gun, ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé, àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ọ̀pá earth tó sábà wà lọ́jà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì yẹ kí gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ lóòró. Oníṣẹ́ iná á kàn án títí dé ìdajì, òòlù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà pẹ̀lú ìró kọn-kọn-kọn. Òkúta ti dé nìyẹn. Bí kò bá ní sùúrù, á gé èyí tó yọ sókè, á fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Nínú ọyẹ́, nígbà tí erùpẹ̀ orí àpáta bá gbẹ fọ́ńfọ́ńfọ́ń, ìdajì ọ̀pá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò mọ́, nítorí pé erùpẹ̀ tútù ni iná ń gbà kọjá.

Ohun tó yẹ ni kí a wá ibòmíràn nínú ọgbà tí ilẹ̀ ti jìn, lẹ́bàá ibi tí omi ń gbà kọjá, tàbí kí a kan ọ̀pá méjì-mẹ́ta tó jìnnà síra, kí a fi wáyà kọ́pà so wọ́n pọ̀. Èédú àti iyọ̀ tí àwọn àgbà oníṣẹ́ iná ń dà sínú kòtò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ń fọ iyọ̀ lọ, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin, nítorí náà kò ṣeé fi sílẹ̀ títí ayé. Kí ẹni tó ṣe é fi ẹ̀rọ wọn ọ́n kó tó gba owó rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má ṣì yé èèyàn: ọ̀pá tó dára nìkan kò lè lé kíkùn onífèrèsé méjì lọ. Ẹ̀mí ló wà fún ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí kò ní earth rárá, tàbí tí extension ní ihò mẹ́ta lójú tó jẹ́ wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ara irin lápútọ́ọ̀pù á máa ta ọwọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ariwo á sì máa ti ara irin yẹn wọ wáyà orin. Ẹni tó bá ń gbọ́ kíkùn tó ń dín kù nígbà tó bá fọwọ́ kan irin interface ti rí àmì rẹ̀. Kò sì yẹ kí a lọ kan ọ̀pá ọ̀tọ̀ fún sítúdíò nìkan láì so ó mọ́ ti ilé. Ìyẹn á ṣí fèrèsé mìíràn, bí àrá bá sì sán lẹ́bàá ilé, iná ńlá lè gba àárín àwọn ẹ̀rọ kọjá láti ọ̀pá kan sí èkejì.

Ìmọ̀ràn kan ń kiri tó yẹ ká tako kíkankíkan: pé kí a gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára púlọ́ọ̀gì spíkà, tàbí kí a tú wáyà rẹ̀ nínú púlọ́ọ̀gì. Ariwo lè dákẹ́ lóòótọ́, nítorí fèrèsé kan ti tì. Ṣùgbọ́n bí wáyà iná bá já nínú spíkà lọ́jọ́ kan tó sì fara kan irin ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ibi tí iná náà máa gbà sá mọ́ àfi àwọ̀n wáyà orin, láti ibẹ̀ dé interface, láti interface dé maikirofóònù, ibi tí ètè akọrin wà. Ní ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní Wales, onígìtá Les Harvey fọwọ́ kan maikirofóònù tí wọn kò so mọ́ ilẹ̀ lórí pèpéle, iná gbé e, ó sì kú níbẹ̀. Kò sí orin tó dùn débi tí a ó fi í wewu bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gé e, kó ra púlọ́ọ̀gì mìíràn lónìí.

Nígbà tí iná bá lọ, ariwo tún ń pààrọ̀ ohùn. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, eré ẹ́ńjìnnì ló ń pinnu iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀, nítorí náà bí ẹlòmíràn nínú ilé bá tan fáànù tí ẹ́ńjìnnì sì rẹlẹ̀, kíkùn náà á rẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tó ń lọ sókè sódò báyìí kò ṣeé fi kọ̀ǹpútà yọ kúrò nínú orin bí èyí tó dúró sójú kan. Ó sàn kí lápútọ́ọ̀pù àti interface máa lo bátìrì nígbà tí a bá ń gba ohùn. Ní ti ínfátà, irú èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára ló yẹ sítúdíò. Irú kejì tí owó rẹ̀ kéré ń gbé iná tó ní igun jáde dípò èyí tó rí rogodo, igun yẹn sì ni zzzzz tí a ń gbọ́. Kí ínfátà àti ẹ̀rọ sólà má sì wà lábẹ́ tábìlì kan náà pẹ̀lú wáyà maikirofóònù. Bí wáyà iná bá gbọ́dọ̀ pàdé wáyà orin, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má sùn tira.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ṣìììì kan lè ṣì kù, bí omi tó fẹ́ hó lókèèrè. Gbogbo spíkà tó ní ẹ̀rọ nínú ló ń ṣe é. Kí a gbé ohùn interface sókè, kí a yí ti ẹ̀yìn spíkà wálẹ̀ títí orin á fi dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, ṣìììì náà á rẹlẹ̀. Lóru, nígbà tí àdúgbò bá ti sùn, kí a jókòó síbi tí a máa ń jókòó sí, kí a má fi orin kankan sí i. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a bá gbé etí sún mọ́ spíkà kékeré òkè nìkan ni a tó gbọ́ ọ, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.